Ẹ̀bùn Tí Mo Kọ̀ Lẹ́ẹ̀mẹta

Lánàá, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti ilé ìwé dé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo wà nínú kíṣìnì, mo ń fọ ìrẹsì. N kò rí i, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìró bàtà náà lórí táìlì: kò, kò. Ẹ̀ẹ̀mejì péré. Ẹni tó bá kàn da bàtà sílẹ̀, ìró tirẹ̀ kì í létò. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀, tó gbé e, tó kọ imú rẹ̀ sí ìta, tó sì tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tirẹ̀ a máa dún kò, kò, a sì parí síbẹ̀. Ọmọ náà wọlé wá bá mi, ó ní, "Grandma, kí ló dé táwa máa ń turn bàtà wa? Nílé friend mi, wọ́n kàn máa ń jù ú síbẹ̀ ni."

Mo la ẹnu láti sọ fún un pé bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n irọ́ ni ìbá jẹ́. Kò sí ẹnì kan nínú ìdílé wa, láti Ìjẹ̀bú títí dé Manchester níbí, tó ń kọ imú bàtà sí ìta. Ìyá àgbà kan láti ilẹ̀ Japan ló kọ́ mi, nínú ilé kan ní Stretford, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ó ti ń lọ sí ogójì ọdún tí mo ti ń ṣe é, tí mo fi kọ́ ọmọ mi, tí ọmọ mi náà fi kọ́ ọmọ rẹ̀, tí n kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tí mo ti rí i kọ́. Omi ń dà sórí ìrẹsì, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí tí ẹ ń rí ojú ara yín lórí fóònù láti ìhín dé Ìjẹ̀bú, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìdánìkanwà ayé ìgbà náà kí ó yé yín. Àárín àwọn ọdún 1980 ni. Bàbá mi ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, ó sì ti padà sílé kí ó lọ wá ibùgbé àti iṣẹ́ sílẹ̀ dè wá. Oṣù mẹ́ta ló dá fún wa. Inú oṣù mẹ́ta náà, tí kò tíì pé títí dòní, ni mo ti dàgbà, tí mo lọ́kọ, tí mo bímọ. Ìyá mi, tí mò ń pè ní Màámi, jẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí ó bá ní iṣẹ́ àárọ̀, ó ti lọ kí n tó jí. Bí ó bá ní ti ọ̀sán, mo ti sùn kí ó tó dé. Kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́rùn mi lórí okùn. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, n ó tan hítà, n ó jókòó síwájú rẹ̀ tòun ti kóòtù, n ó máa gbọ́ òjò. Òjò Manchester kò dà bí òjò ilé tó máa ń pariwo, tó sì máa ń lọ. Ńṣe ló máa ń jókòó ti ènìyàn bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kí òun dìde.

Ní ilé ìwé, èmi nìkan ni ọmọ adúláwọ̀ nínú kíláàsì wa. N kò ní parọ́ mọ́ wọn, ẹnikẹ́ni kò lù mí. Wọn kàn kì í jókòó tì mí ni. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fún mi ní nǹkan, wọ́n á jù ú. Rọ́bà, rúlà, ìwé, gbogbo rẹ̀ ló ń fò wá bá mi bí ẹyẹ.

Oṣù kẹsàn-án ni Kiyomi, ọmọbìnrin kan láti ilẹ̀ Japan, dé. Ẹnjiníà ni bàbá rẹ̀, ní iléeṣẹ́ àwọn ará Japan kan ní Trafford Park, ọdún mẹ́ta sì ni wọ́n rán an wá lò. Tíṣà fi Kiyomi sí ẹ̀gbẹ́ mi, nítorí ẹ̀gbẹ́ mi nìkan ni àga ti ṣófo. Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí ó yá mi ní pẹ́ńsùlù. Ó gbé pẹ́ńsùlù náà lé ọwọ́ méjèèjì, ó tẹrí ba, ó nà án sí mi. Mo bojú wẹ̀yìn. Mo rò pé ẹni ńlá kan ló dúró síbẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé kò sí ẹnì kankan, pé èmi ló ń tẹrí ba fún, omi bọ́ lójú mi, mo sì purọ́ fún un pé òtútù ni. Láti ọjọ́ náà, èmi àti Kiyomi kì í ya ara wa.

Màámi fẹ́ràn orúkọ rẹ̀. Ó ní ó dún bí orúkọ Yorùbá tí wọn kò pè parí.

Ilé wọn kò jìnnà sí tiwa, ilé bíríkì pupa bíi gbogbo ilé àdúgbò, ṣùgbọ́n bí o bá ti wọlé, o ti kúrò ní Stretford. Òun, bàbá rẹ̀ àti ìyá bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìyá tó bí i dúró sí Japan nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń múra ìdánwò. Nítorí náà, òun náà mọ bí ènìyàn ṣe ń tẹ́tí sí ohùn ẹni tó jìnnà. A kò sọ ọ́ fún ara wa rí. Kò sí ohun tí a fẹ́ sọ nípa rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé wọn, mo bá arúgbó kan tó kéré bí ọmọdé, irun rẹ̀ funfun báláú, ó jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Kí ni ọmọ Yorùbá yóò ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán, mà." Ìyá Àgbà, bí mo ṣe wá ń pè é nìyẹn, gbé ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹní. Ẹ̀rù bà mí. Àgbàlagbà ń forí balẹ̀ fún èmi! Mo rẹra sílẹ̀ sí i. Òun náà rẹra sílẹ̀ sí i. Mo wá ń dúró kí ó ní kí n dìde, nítorí ní tiwa, ọmọ kì í dìde kí àgbà tó dá a lóhùn. Òun náà ń dúró kí n gbórí sókè, nítorí ní tiwọn, onílé kì í gbórí ṣáájú àlejò. Báyìí ni a ṣe wà nílẹ̀, tíì ń tutù lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni kò gbórí. Kiyomi fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbà á mọ́. Òun ló wá fà wá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ kan fún mi, ọwọ́ kan fún ìyá rẹ̀ àgbà.

Láti ìgbà náà ni Ìyá Àgbà ti gbà pé mo ní ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n pé ó ku díẹ̀ káàtó. Kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Òun ń sọ ọ́ ní èdè wọn, Kiyomi ń fi gẹ̀ẹ́sì kékeré tirẹ̀ túmọ̀, èmi náà á sì tún un túmọ̀ sí Yorùbá nínú ọkàn mi kí ó tó dúró. Nǹkan àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni bàtà. Mo bọ́ tèmi sílẹ̀, imú rẹ̀ kọjú sí ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, arúgbó tí ẹ̀yìn ń dùn, ó yí i padà. Ojú tì mí. N kò jẹ́ kí ó tún bẹ̀rẹ̀ nítorí mi mọ́ láé.

Ó ní ọ̀rọ̀ bàtà náà kò ṣẹ̀yìn àwọn jagunjagun. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ wọn, gbogbo ilẹ̀ tí ojú lè rí, ti olúwa kan ni. Abẹ́ olúwa náà ni àwọn jagunjagun wà, àwọn tó ń gbé idà méjì kọ́ ìbàdí. Abẹ́ wọn ni àgbẹ̀ wà, àti oníṣẹ́ ọwọ́, àti oníṣòwò. Ipò tí wọ́n bí ọ sí ló ń sọ bí orí rẹ yóò ṣe wálẹ̀ tó bí o bá ń kí ènìyàn, irú aṣọ tí o lè wọ̀, irú ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ gbọ́dọ̀ lò fún ẹni tó jù ọ́ lọ. Tí olúwa bá ń kọjá lójú ọ̀nà, mẹ̀kúnnù á dojú bolẹ̀ nínú eruku títí ẹṣin ìkẹyìn á fi lọ. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, idà ló ń dá a lẹ́jọ́. Nígbà tí mo sọ fún Kiyomi pé àwa náà ní ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún àgbà àti èyí tí a ń lò fún ẹgbẹ́ ẹni, ó bèèrè bóyá a ní idà. Mo ní a ní ìyá.

Ìyá Àgbà ní jagunjagun kò mọ wákàtí tí wọn yóò pè é, kò gbọ́dọ̀ máa wá bàtà kiri. Ìdí nìyẹn tí bàtà fi ń kọjú sí ìta. Bí ó bá wọ ilé ẹlòmíràn tó sì jókòó, apá ọ̀tún ni yóò gbé idà rẹ̀ sí, níbi tí kò ti ní yá a láti fà á yọ, kí onílé lè mọ̀ pé àlàáfíà ló bá wá. Àlejò ńlá ní láti jókòó níbi tó jìnnà sí ilẹ̀kùn jù lọ, nítorí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni ọ̀tá yóò kọ́kọ́ bá. Nípa ìtẹríba, ó ní ọrùn rẹ lò ń nà sí ẹnìkejì. Ò ń sọ fún un láìlanu pé bí o bá fẹ́, gé e, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o kò ní gé e. Mo fọwọ́ kan ọrùn ara mi nígbà tí Kiyomi túmọ̀ èyí tán. Mo rántí pẹ́ńsùlù.

Ibi tó jìnnà sí ilẹ̀kùn jù nínú pálọ̀ wọn ni ẹ̀gbẹ́ iná gáàsì. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi mí sí, èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí Ìyá Àgbà á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń wọlé. Ìdí kan ni mo fi ń jókòó, ìdí kejì wà lófuurufú, mo ń wo ojú ọ̀nà bóyá Màámi yóò já wọlé bá mi nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Nígbà tí mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Màámi, kò yà á lẹ́nu. Ó ń múra iṣẹ́, ó ní, "Àwa náà ńkọ́? Ta ló ń wọ bàtà dé iwájú Kábíyèsí? Ta ló ń dé fìlà níbẹ̀? Ìbẹ̀rù ni gbogbo ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ o jàre. Ìgbà tó yá ló wá di pé a fẹ́ràn ara wa." Mo rò ó títí. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni Kiyomi wá sílé wa, tó bá bàtà iṣẹ́ Màámi lẹ́nu ọ̀nà, tó sì yí imú rẹ̀ sí ìta láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ìdájí, Màámi kàn ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn, ó sì lọ. Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti rò nípa ẹsẹ̀ òun. Kò sí olúwa kankan ní Stretford, kò sí ogun, ṣùgbọ́n bàtà nọ́ọ̀sì ń dúró dè é bíi ti jagunjagun.

Òfin kan wà tí mo ní láti sọ dáadáa, nítorí òun ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Bí ará Japan bá fẹ́ fún ọ ní ẹ̀bùn, ó ní láti sọ pé nǹkan tí kò já mọ́ nǹkan kan ni. Ìwọ náà gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí o kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí o wá gbà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá Àgbà ní bí olúwa bá nawọ́ nǹkan sí jagunjagun láyé àtijọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé òun kò tó ẹni tó ń gbà á. Oníwọra ló ń já nǹkan gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta ti kọ̀ tọkàntọkàn. Wọn kì í tún bẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí o bá tún fi lọ̀ ọ́, ìwọ́sí lo fi ń lọ̀ ọ́.

Èyí kò ṣòro fún mi, nítorí iṣẹ́ ilé wa ni kíkọ ẹ̀bùn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní tiwa, kíkọ̀ kò ní iye kan. Ojú Màámi ló ń pinnu. Ọjọ́ Sunday, bí a bá lọ kí àwọn ará ìjọ, bí wọ́n bá gbé abọ́ oúnjẹ wá, n ó kọ́kọ́ sọ pé mo ti yó, tòun ti pé ebi ń pa mí kú lọ. Lẹ́yìn náà, n ó wo ojú Màámi. Bí ó bá wo ibòmíràn, gbà á. Bí ó bá ranjú mọ́ mi, fi ohun tí ò ń ṣe yẹn sílẹ̀. Bí ó bá di ojú méjèèjì pinpin lẹ́ẹ̀kan, tó sì tún là á, má gbà á. Bí wọ́n tilẹ̀ bẹ̀ ọ́ di ọ̀la, má gbà á. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dọ̀ Màámi, gbogbo ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Kiyomi, ó túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà sì mi orí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá. Ó ní àwọn olúwa tiwọn kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí ọdún mẹ́ta pé. Wọ́n pe bàbá Kiyomi padà sílé ní oṣù kẹta ọdún, kí àwọn ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ kíláàsì tuntun níbẹ̀. Kiyomi sọ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìwé níbi tí mo ti máa ń dá dúró kí ó tó dé. A ṣèlérí pé a ó máa kọ lẹ́tà síra wa. Ó kọ àdírẹ́sì wọn fún mi ní èdè wọn, ó ní kí n gbìyànjú rẹ̀ wò. Mo kọ ọ́, ó dà bí ibi tí adìyẹ ti ta ilẹ̀. A rẹ́rìn-ín, ó ya ìwé náà, ó ní kí n má ṣèyọnu, òun yóò wá ọgbọ́n kan dá.

Àárọ̀ Saturday ni wọ́n lọ. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, kò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ní kò yẹ kí n dá lọ sìn wọ́n. A bá takisí níwájú ilé wọn. Bàbá Kiyomi dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń bá Màámi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìyá Àgbà dúró lẹ́bàá títì nínú kóòtù tó tóbi jù ú lọ. Kiyomi jáde wá. Ó gbé ìdì kékeré kan dání tí wọ́n fi aṣọ búlúù dì, tí wọ́n ta ní kókó, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.

"Nǹkan tí kò já mọ́ nǹkan kan ni," ó ní. "Jọ̀ọ́, gbà á."

Mo mọ òfin. Mo ní rárá, kí ó má ṣèyọnu. Ó tún nà án sí mi, mo tún ní rárá, ó ti pọ̀ jù fún mi. Mo rí Ìyá Àgbà tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ dùn pé akẹ́kọ̀ọ́ òun kò gbàgbé. Ó nà án sí mi lẹ́ẹ̀kẹta. Ọwọ́ mi ti gbéra. Ìgbà náà ni mo rántí pé Màámi wà níbẹ̀, mo sì ṣe ohun tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti mọ nǹkan. Mo wo ojú rẹ̀. Màámi di ojú méjèèjì pinpin, ó sì tún là á.

Ọwọ́ mi wálẹ̀. Mo ní, "Rárá. Ẹ ṣeun."

Ọwọ́ Kiyomi wà ní nínà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa ìdì náà mọ́ àyà, ó tẹrí ba fún mi. Ìyá Àgbà náà tẹrí ba. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ lẹ́nu mi, ó ti fọ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ó fọ́ àfi èmi àti àwọn méjèèjì. Dírẹ́bà fun fèrè pé ọkọ̀ òfuurufú kì í dúró de ènìyàn. Wọ́n wọlé, ọkọ̀ gbéra. Kiyomi yí padà sí gíláàsì ẹ̀yìn, ó tẹrí ba, kò sì gbé e sókè títí wọ́n fi dé ìkóríta. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, títí ẹnìkejì yóò fi kúrò lójú. Èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́bàá títì. Obìnrin òyìnbó kan tó ń fa ajá kọjá bi mí bóyá mo ṣubú ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣubú.

A rìn dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kí Màámi tó sọ̀rọ̀. "Kí ló dé tí o ò gbà á?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má gbà á."

"Èmi? Nígbà wo?"

"Ẹ dijú."

Màámi dúró. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹkún ni mò ń sun, ọmọ mi. Bàbá ẹ̀ ló ń sọ fún mi pé envelope ni wọ́n dì sínú ẹ̀. Ọmọ yẹn ti kọ address wọn sára gbogbo ẹ̀, kó o lè máa kọ letter sí i. Mo wá wò ó pé ní Monday, tó o bá ti school dé, ó ku ìwọ nìkan. Mo dijú kí omi má baà bọ́ níwájú wọn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Mo rò pé òfin wọn lò ń tẹ̀lé. Kí n tó nu ojú tán, wọ́n ti wọ mọ́tò."

Ó gbá ọwọ́ mi mú, a sáré padà, òun nínú bàtà nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn tó ti fi odindi òru dúró lórí ẹsẹ̀. Kí la fẹ́ lọ bá níbẹ̀? Mo ṣí ojú ihò lẹ́tà, mo yọjú. Wọ́n ti fọ ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní. Kò sí bàtà kankan.

Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, Màámi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Trafford Park, ó bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì iléeṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà ní òun kò lè fún un ní àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kí ó fi lẹ́tà sílẹ̀. Èmi ni mo kọ lẹ́tà náà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìkẹta kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. N kò rí èsì. Kí ó tó di ọdún kejì, a ti kó lọ sí Bolton nítorí iṣẹ́ Màámi, nítorí náà bóyá èsì dé sí ilé tí a ti kó kúrò, bóyá lẹ́tà mi kò kọjá ẹnu géètì. N kò mọ̀. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe pé n kò rí i mọ́. Ó lọ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé mo wo ojú òun, mo sì kọ òun tọkàntọkàn. Mo padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo padà sí iwájú hítà. Ìdánìkanwà kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ti àkọ́kọ́, n kò mọ ohun tí mo ṣàìní.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1990 parí, àìsàn rọ Màámi lápá kan, lẹ́sẹ̀ kan, ó gba ohùn rẹ̀ lọ. Ojú nìkan ló kù tó fi ń sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé tíì sún mọ́ ẹnu rẹ̀, ó di ojú méjèèjì pinpin. Arábìnrin ìjọ kan tó wá kí i ní, "Kò fẹ́, gbé e kúrò." Mo ti fẹ́ gbé e kúrò. Mo wá gbé kọ́ọ̀pù náà dúró, mo di ọwọ́ rẹ̀ tó yè mú. Mo ní, "Màámi, ṣé ẹ kọ̀ ọ́ ni, àbí ẹ̀ ń sunkún? Tó bá jẹ́ ẹkún ni, ẹ fún mi lọ́wọ́." Ó fún mi lọ́wọ́. Mo nu ojú rẹ̀, ó sì mu tíì náà tán.

Àwọn olúwa ilẹ̀ yẹn ti kú tipẹ́, idà wọn wà nínú àpótí gíláàsì níbi tí àwọn ènìyàn ti ń lọ wò ó. Ìbẹ̀rù wọn kò sí mọ́, àmọ́ bàtà ṣì ń kọjú sí ìta lẹ́nu ọ̀nà mi ní Manchester, àwọn ọmọ tèmi ṣì ń kúnlẹ̀ kí àgbà, kódà nígbà tí wọ́n bá ń jẹ tósìtì. N kò ní bá yín sọ pé ayé àtijọ́ dára ju tòní lọ. Ìwà rẹ̀ dára. Ìwà rere náà ló sì gba ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní lọ́wọ́ mi, nítorí gbogbo wa mọ ìwà hù lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹnì kan tó lanu.

Gbogbo èyí ni mo ń rò lánàá tí omi ń dà sórí ìrẹsì, nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kékeré tí àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni. Ó di bisikíìtì mélòó kan sínú tíṣù, ó nà án sí ọmọ ọmọ mi. Ọmọ náà ní, "No, thank you." Ọmọ tí mo tọ́ ni. Èkejì tún nà án sí i, ó tún ní rárá. Ó nà án lẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ ọmọ mi wá yíjú padà, ó wo ojú mi.

Omi ti kún ojú mi láti àárín kíṣìnì. Mo mọ̀ ọ́n lára bí ojú náà ṣe fẹ́ dì.

"Gbà á," mo ní. Mo fi ẹnu sọ ọ́, ó dún dé ìta. "Grandma ń sunkún lásán ni. Fi ọwọ́ méjèèjì gbà á."